Àwọn Àgbà Àjà Òtútù

"Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀!"

"Ẹ̀yìn ibo? Ògiri ló wà lẹ́yìn mi!"

Fóòmù tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti òkè ti há síbi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà. Ó há débi pé ẹni tó wà lókè ò rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́, ohùn ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Galen Voss wà lókè, àwọn bíi mẹ́fà tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tiwọn lọ́wọ́. Royce Tiedeman wà nísàlẹ̀, ó ń pàṣẹ. Royce ò gbé nǹkan kan ní tirẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ méjèèjì nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a pààrọ̀ ẹnu.

"Galen! Fi èjìká tì í!"

"Èjìká náà ni mo fi ń tì í, ẹ̀gbọ́n."

"Èjìká ta ni? Tìẹ àbí ti ìyàwó ẹ?"

Ẹ̀rín bú jáde lórí àtẹ̀gùn. Duane Brandvold, akọ̀wé wọn, ọkùnrin gìdìgbà tí irun ò sí lórí rẹ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n máa ń kọ nídìí oúnjẹ nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé ìwé, àwọn yòókù sì ń gbè é. Ẹnì kan ní bí òun bá kú síbẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún ìyàwó òun pé iṣẹ́ lòun ń ṣe o, òun ò mutí. Ẹ wo àwọn baba ọlọ́mọ-ọmọ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀nà ò sí níwájú, ọ̀nà ò sí lẹ́yìn, orin ni wọ́n ń kọ.

Galen ò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wẹ̀yìn. Lon, tí wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́dún kan náà, ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ ti ń funfun. Bí èémí bá tán lára Lon báyìí, ta ló máa gbé e, ibo ni wọ́n sì máa gbé e gbà? Galen wá rò ó pé òru ni, pé èéfín ló wà níbẹ̀ dípò orin, pé ogójì ọmọ ló ń ti ara wọn lórí àtẹ̀gùn yìí nínú òkùnkùn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, orin náà bò ó mọ́lẹ̀.

Curt Pelowski ló yọ wọ́n. Ó gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ lápò, ó la fóòmù náà sí méjì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ó sì wọ́ ìdajì tirẹ̀ lọ.

"Ọmọ-Yàrá!" Royce ké tẹ̀lé e. "Fóòmù tí o ò sùn lé rí láyé ẹ, òun lo wá ń ya nínú!"

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá Royce," Curt dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ti mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe òun nìyẹn.

Sátidé kan nínú oṣù Mááṣì ni, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lórí koríko iwájú ilé. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé ilé ẹgbẹ́ ti lọ ìsinmi, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni wọ́n ń padà bọ̀. Àwọn àgbà wọn, àwọn tó ti gbébẹ̀ rí tí wọ́n sì ti gboyè jáde tipẹ́tipẹ́, ló wá láti ìlú kálukú wọn kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn tún ilé náà ṣe. Káàkiri Iowa, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti wá, ọ̀kan tiẹ̀ wakọ̀ wá láti Nebraska. Wọ́n gbé ayùn wá, wọ́n gbé hámà wá, wọ́n gbé oògùn ẹ̀yìn dídùn wá. Wọ́n ti fi pátákó tuntun tẹ́ ilẹ̀ yàrá ìjẹun, wọ́n ti kun ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti bú ara wọn lórí bí wọ́n ṣe kùn ún. Òkè ló kù, ibi tí wọ́n ń pè ní Àjà Òtútù.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń sùn. Àwọn yàrá tó wà nísàlẹ̀, ìwé ni wọ́n ń kà níbẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kálukú a gòkè lọ sínú àjà gbọọrọ kan tí bẹ́ẹ̀dì onípele méjì tò sí lọ́tùn-ún lósì, wọ́n a ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ìbáà jẹ́ inú yìnyín, wọ́n a sì wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná. Aago kan ò gbọdọ̀ dún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ tuntun ló máa fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan láti jí wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀, wọ́n á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Àwọn tí òtútù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nígbà náà, àwọn gan-an lojú wọn ń ṣomi báyìí tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ níwájú wọn.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Galen lé Royce lọ́wọ́. Ẹni tuntun tó bá wọ ẹgbẹ́, wọ́n á yan ẹ̀gbọ́n fún un nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó sì parí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni títí ayé. Àwa tá a rò pé Yorùbá nìkan ló mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò, ká máa bọ̀ ní Iowa ká wá wòran! Galen ò ní ẹ̀gbọ́n nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ bí, láàárín oko àgbàdo. Royce ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so táì. Royce ló yá a ní kóòtù tó kọ́kọ́ wọ̀ lọ wá iṣẹ́. Àtìgbà yẹn, ohun tí Royce bá ti ní kó ṣe ni yóò ṣe. Royce ní kó ra ọkọ̀ kan báyìí, ó rà á, ọkọ̀ náà ò lọ jìnnà tó fi dákú. Royce ní kó di alága àwọn àgbà ilé, pé ọdún kan péré ni. Irun Galen ti funfun tán lórí àga náà. Ó rẹ ọkùnrin náà, ká má parọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé bí fóònù bá dún tó bá rí i pé Royce ni, á kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí kó tó gbé e.

Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò ṣòroó yé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin pànápaná tí ìlú rán wá ti wo àjà náà. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà gòkè ò tó fún gbogbo èèyàn tó ń sùn níbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá yí ohunkóhun padà lókè, òfin tuntun máa mú wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àtẹ̀gùn kejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn tún un ṣe bó ṣe wà, òfin àtijọ́ ló ṣì bo ilé náà, ẹnikẹ́ni ò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ojú ẹni tí ohun tó ń sọ ò dùn mọ́ ló fi sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Àtẹ̀gùn kejì á jẹ ìdajì àjà náà, Àjà Òtútù á parẹ́ nìyẹn, inú yàrá làwọn ọmọ á máa sùn bí gbogbo ọmọ èèyàn. Royce ní láyé òun kọ́. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n tún un ṣe bó ṣe wà, kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ tuntun, kí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì tuntun, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa dìbò lé e lórí.

Galen ò fẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tí kò ti fẹ́ ẹ, Joleen ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Láàárọ̀, bí obìnrin náà ṣe ń da kọfí sínú kọ́ọ̀pù tí ọkọ rẹ̀ máa gbé sọ́kọ̀, ó bi í pé, "Ṣé o máa sọ fún un lónìí?"

"Mo máa sọ fún un."

"Ohun tí o wí nígbà Kérésì nìyẹn."

"Joleen, jọ̀ọ́."

"Mi ò bá ẹ jà. Mò ń béèrè ni. Tí iná bá lọ mú àwọn ọmọ ọlọ́mọ mọ́bẹ̀, ṣé Royce ló máa tẹ̀lé ẹ lọ bá àwọn ìyá wọn?"

Galen gbé kọfí rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí wọ́n sinmi jẹun, òun àti Royce jókòó sórí àkàsọ̀ ẹ̀yìn ilé, kálukú pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí láàárín. Oòrùn ràn, ṣùgbọ́n kò mú. Royce na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fọwọ́ pa wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ àjà yẹn."

"Ẹn-ẹn. Mo ti wọn fèrèsé ìhà ìlà-oòrùn. Igi ẹ̀ ti jẹrà, a máa yọ ọ́."

"Kì í ṣe ti fèrèsé."

"Ṣé o rántí pé abẹ́ fèrèsé yẹn ni mò ń sùn? Ìwọ wà ní ìsàlẹ̀ mi. O máa ń sunkún."

"Mi ò sunkún."

"O sunkún, Galen. Ọ̀sẹ̀ tí o kọ́kọ́ dé. Mo na ọwọ́ sí ẹ nísàlẹ̀, o dì í mú, o ò fi í sílẹ̀ tí ilẹ̀ fi mọ́. Apá fẹ́ẹ̀ já lára mi. Ta ni mo sọ fún?"

"Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan."

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan." Royce jẹ búrẹ́dì rẹ̀ díẹ̀. "Gbogbo ìlú yìí ti yí padà. Ilé ọtí wa, wọ́n ti wó o. Kíláàsì wa, wọ́n ti wó o. Òkè yẹn nìkan ni mo lè wọ̀ kí n sì mọ ibi tí mo wà. Kí lo fẹ́ sọ?"

Galen wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó tò dáadáa, ó ti kọ́ ọ nínú ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ó le? Ẹni tó dì ẹ́ lọ́wọ́ mú nígbà tí o ń sunkún, tí kò sì fi ẹ́ ṣẹ̀sín títí o fi darúgbó, báwo lo ṣe máa jókòó tì í kí o ní o fẹ́ wó ibẹ̀?

"Kò sí," ó ní. "Mo ní ká tètè ṣe é ni, kí ilẹ̀ má ṣú mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ọmọ dáadáa." Royce gbá a léjìká, ó fi í ṣe ọ̀pá, ó sì dìde. Galen jókòó síbẹ̀, inú ń bí i sí ara rẹ̀. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀, tó ti sin bàbá, tó ti sin ìyá, tó ti fọmọ fọ́kọ, kò lè la ẹnu níwájú ẹnì kan ṣoṣo. Ó fi búrẹ́dì tó kù lé orí àkàsọ̀ fáwọn ẹyẹ.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n pé jọ sí yàrá ìpàdé, gbogbo wọn kún fún eruku, wọ́n ń rùn fún ọ̀dà. Duane gbé àpótí ìdìbò jáde. Àpótí onígi ni, ó ní ihò kan níwájú, aṣọ dúdú kékeré sì bo ihò náà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe nínú. Bí wọ́n ṣe ń dìbò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wọn nìyí. Tí o bá na ọwọ́ wọ inú, wàá bá ègé igi kéékèèké, èyí tó jẹ́ funfun rí roboto, èyí tó jẹ́ dúdú ní igun. Èyí tí o bá mú ni wàá jù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Funfun ni mo gbà, dúdú ni mi ò gbà. Dúdú kan ṣoṣo sì ti tó, ó ti pa ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Òfin kan ló wà lórí àpótí yìí tí wọ́n kà sí ju òfin ìjọba lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó ju dúdú, ẹni tó jù ú náà ò sì gbọdọ̀ sọ.

Royce dìde, ó sọ̀rọ̀ ṣókí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe wà. Ẹ̀yìn gbogbo wa ló ń dùn wá, ẹ jẹ́ ká dìbò ká lọ jẹun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń lọ síbi àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Royce lọ, ó bọ̀. Lon lọ, ó bọ̀. Curt lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò pẹ́ nínú ẹ̀ rárá. Alága ló máa ń kẹ́yìn. Galen na ọwọ́ wọ abẹ́ aṣọ dúdú náà. Ìka rẹ̀ kan roboto, ó kúrò níbẹ̀. Ìka rẹ̀ kan igun. Ẹ̀rù tó ń bà á láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì. Kò sí ojú kankan nínú àpótí, kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, òun àti ohun tó rò nìkan ni. Ó jù ú.

Duane ṣí àpótí. Ó wo inú rẹ̀, ó tún un wò, ó gbé e wá fún alága. Gbogbo rẹ̀ ló funfun, àfi ọ̀kan tó jókòó sáàárín wọn dúdú kirikiri.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò kọjá," Galen wí.

Omi ń kán láti òrùlé níta, ẹ sì ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà Royce sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mi ò béèrè o. Ẹgbẹ́ ní ká má béèrè. Mo kàn ń wo ẹni tí kò sùn lókè rí ni."

Orí gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ Curt. Ọmọkùnrin yìí, àgbàlagbà ni o, ó ti lé ní àádọ́ta, ṣùgbọ́n òun ló kéré jù nínú wọn. Ikọ́ fée ló ń ṣe é nígbà tó wọ ẹgbẹ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sùn sínú òtútù, wọ́n wá fi í sílẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti di Ọmọ-Yàrá, orúkọ náà ò sì bọ́ lára rẹ̀ mọ́.

"Funfun ni mo jù," Curt wí.

"Ta ló bi ẹ́?" Lon dá a lóhùn.

"Funfun ni! Bọ̀ọ̀dá Royce, ẹ wò mí. Mo fẹ́ kó kọjá. Èmi ni mo ra igi bẹ́ẹ̀dì yẹn, èmi ni mo gé e, àbí ẹ ò rí mi?"

"A rí ẹ," ni Royce wí. "A rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ náà."

"Ẹni tó ju funfun kì í pariwo bẹ́ẹ̀," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dáa létí.

"Ó kúkú rọrùn fún un," Duane náà gbà á sọ, Duane tí kì í bú èèyàn. "Ta ló ń sunkún ilé tí kò gbé?"

Etí Curt pọ́n. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ibi tó máa dúró sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Ṣé kí n máa lọ ni?"

Ẹnikẹ́ni ò ní kó má lọ.

Galen mọ̀ pé kò sí ohun tó lè tú òun fó. Òfin tó wà lórí àpótí bo òun mọ́lẹ̀. Àbá Royce ti kú, òun ti rí ohun tí òun fẹ́, Royce á sì tún pe òun lórí fóònù lọ́la bó ṣe máa ń ṣe. Curt nìkan ló máa jáde, kò sì ní padà wá mọ́. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà tó di àpótí irinṣẹ́ mú, eruku igi ló bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Ojú ti Galen. Ojú tì í gan-an.

"Èmi ni," ó ní.

"Kí lo wí?" Royce bi í.

"Èmi ni mo ju dúdú. Curt, gbé e sílẹ̀, jókòó."

Royce kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, ó ń gbèjà ẹ̀ ni. Galen ò lè..."

"Mi ò gbèjà ẹnì kankan, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo jù ú. Lórí àtẹ̀gùn yẹn láàárọ̀, ẹ̀yin ń kọrin, èmi ń wo Lon. Lon, ṣé o rí ọ̀nà tí o máa gbà?"

Lon wo ilẹ̀.

"Ojúmọmọ ni o, kò sí èéfín, àgbà ni gbogbo wa, síbẹ̀ a há. Ogójì ọmọ ló ń sùn síbẹ̀ lóru. A mọ̀. Ọkùnrin pànápaná yẹn sọ fún wa, a mọ̀, a wá ń wá bá a ṣe máa yọ́ gba abẹ́ òfin. Mi ò fẹ́ àjà yẹn mọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti fẹ́ ẹ."

"O sì lè sọ fún mi," Royce wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "A jọ jókòó jẹun lọ́sàn-án yìí. O lè sọ fún mi."

"Mi ò lè sọ fún yín. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn."

Royce wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó dìde pẹ̀lú ìnira, ó mú kóòtù rẹ̀ lórí àga, ó kọjá láàárín wọn. Wọ́n gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn iwájú, kò gbá a, ó kàn tì í ni. Duane bo àpótí ìdìbò, ó ń mi orí. "O ti ba òfin jẹ́ o, Galen," ó ní.

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé alága ló bà á jẹ́." Galen fọwọ́ nu ojú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tán. "Ẹ tún kọ ọ́ pé kò sí ọmọ tó máa sùn lókè nígbà tí wọ́n bá dé lọ́la. Àwọn fóòmù tá a ti kó sílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká tẹ́ wọn sí yàrá. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kejì, a máa sọ ọ́ nígbà tá a bá ti jẹun. Ẹni tó bá ń bínú, kó máa bínú bọ̀ nídìí oúnjẹ."

Curt ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ mú fóòmù kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wọ́ ọ lọ. Lon dìde, ó bá a mú ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò bẹ̀ ẹ́, àwọn yẹn kì í bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní, "Rọra, ẹ̀yìn mi," Curt sì rọra.

Galen rò pé Royce ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ igi, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, Royce jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí ìdarí ọkọ̀. Galen gba inú yìnyín tó ti di ẹrẹ̀ kọjá, ó kan gíláàsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Royce tó yí i sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí o ṣe nǹkan," Royce wí láìwò ó, "o máa ń ní, 'Ó dáa, ẹ̀gbọ́n.' Gbogbo ìgbà. Èmi rò pé o fẹ́ ẹ ni. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, Galen, a ò jà rí. Mò ń fi yangàn. Gbogbo 'ó dáa' yẹn, kí wá ni?"

Galen dúró síbẹ̀, omi tútù ń wọ bàtà rẹ̀. Ó lè parọ́. Irọ́ náà kò ní le.

"Àwọn kan wà tí mo fẹ́," ó ní. "Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ó kàn rẹ̀ mí láti bá yín jiyàn."

"Ọ̀sẹ̀ tí Bev kú ńkọ́?" Ohùn Royce gbọ̀n lórí orúkọ ìyàwó rẹ̀. "Mo ní kí o wá sùn sílé mi. O fi Joleen sílẹ̀, o wá. Ṣé 'ó dáa' yẹn náà ni?"

"Ìyẹn kọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn, tí ẹ bá tiẹ̀ ní kí n má wá, màá wá."

Royce mi orí. Ó wá áńkáṣíìfù lápò, kò rí i, ó fi ìbọ̀wọ́ nu imú. Láti inú ilé, wọ́n ń gbọ́ Duane tó ń pariwo pé kí wọ́n má fi fóòmù fa ọ̀dà ara ògiri, ọ̀dà náà ò tíì gbẹ.

"Ṣé kí n padà wọlé?" Royce bi í.

Kò bi í ní irú rẹ̀ rí. Galen bojú wo ilé náà, àwọn fèrèsé ìsàlẹ̀ ti tàn. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Royce á wọlé, á jókòó sídìí tábìlì, á sọ ìtàn kan, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Kí oúnjẹ tó tán, wọ́n á ti ní kí wọ́n kúkú gbé àpótí padà wá, òun náà á sì na ọwọ́ wọ inú ẹ̀, á mú èyí tó rí roboto. Ó wu Galen kó ní, ẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Òtútù mú, ọkùnrin náà dá wà, ẹ̀gbọ́n òun ni.

"Rárá," ó ní. "Ẹ má wọlé báyìí. Ẹ lọ sùn. Ẹ wá lọ́la, kí ẹ wá bá mi jà lójúmọmọ."

Royce yíjú sí i. Kò sí aṣọ dúdú kankan láàárín wọn, Galen ò sì gbé ojú kúrò. Ó pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wò ó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa bẹ́líìtì ọkọ̀ mọ́ àyà, ó so ó.

"Ó dáa," Royce wí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.